Ọ̀nà Tí Denzil Rán Mi

Ẹsẹ̀ Denzil kò gbé e mọ́.
Lójú fèrèsé ilé rẹ̀ ní Gunnislake,
níbi tí mo ti ń bá a gé èékánná lọ́jọ́ Ẹtì,
ló ti nawọ́ sí òdìkejì odò, ó ní:
"Bá mi lọ wò ó, bóyá ṣímínì yẹn ṣì dúró."

Mo wọ bàtà rọ́bà, mo lọ.
Mo gba orí afárá, mo kúrò ní Kọ́nwọ̀ọ̀lù, mo bọ́ sí Dẹ́fọ̀nù,
ẹnìkan ò bi mí ní ìwé ìrìnnà.

Ọ̀nà náà tẹ́jú, ó fẹ̀ ju ọ̀nà igbó lọ.
Mo ti rò pé àgbẹ̀ ló là á.
Pátákó kan ní rárá o, ojú irin ló wà níbí tẹ́lẹ̀,
òkúta bàbà ni wọ́n ń kó gbà á lọ sí èbúté.
Àwọn ajá ló ń gbà á báyìí,
àtàwọn arúgbó tó gun kẹ̀kẹ́,
tí wọ́n ń kí mi bí ẹni tó mọ ìyá mi.

Igi lósì, igi lọ́tùn-ún,
ewé gbígbẹ ń dún pàràpàrà lábẹ́ bàtà,
òórùn olú, òórùn òjò àná.
Lójijì, igi tán.

Ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ funfun. Ilẹ̀ tó rí bí eérú ìdí ààrò.
Òkìtì gun òkìtì, koríko kan ò hù.
Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́ níbẹ̀,
ilẹ̀ ò tíì dárí jì wọ́n.

Májèlé ni wọ́n ń họ níbí nígbà tí bàbà tán.
Denzil ti sọ fún mi nípa baba baba rẹ̀:
owú nínú imú, amọ̀ lójú, aṣọ lẹ́nu,
ó wọ inú ihò èéfín lọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì,
ó ń kó ìyẹ̀fun funfun
tí ṣíbí kan rẹ̀ tó ilé kan pa.
Ó kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógójì.
Denzil máa ń pe iye yẹn
bí ẹni ń pe gbèsè tí wọn ò san.

Mo rántí bàbá ìyá mi ní Itagunmodi,
tó ń fi abọ́ ṣan yẹ̀pẹ̀ lójú omi, tó ń wá góòlù.
Orúnkún rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ dáadáa,
méjèèjì wú, wọ́n le bí òkúta.
Kò sẹ́ni tó ri pátákó fún un.
Ihò tó gbẹ́ ṣì lanu,
ewúrẹ́ ń já sí i lóru.

Ti ibí, wọ́n fi wáyà bo ẹnu rẹ̀. Àdán ló ń gbébẹ̀.
Mo ju òkúta kékeré kan gba àárín wáyà,
mo kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún,
nǹkan kan dún,
n ò mọ̀ bóyá òkúta ni, tàbí àyà mi.

Ṣímínì náà rèé.
Mo fẹ́ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé,
kí n fọwọ́ kan ilẹ̀, kí n fi kan orí.
Pátákó míì wà níwájú mi:
Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí.
Mo kúnlẹ̀ ààbọ̀,
ọwọ́ mi dúró lófuurufú,
obìnrin kan tó ń kọjá bi mí bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e:
"Ó ṣì wà?"
"Ó wà. Igi kan ti hù lórí rẹ̀, ó fi dé fìlà."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Mo di ife omi mú títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ mi.
"Bàtà yẹn ńkọ́?"
Mo ní mo ti fọ̀ ọ́.
Ó ní kí n tún un fọ̀.